Ẹrù tí Ó Wọ̀ Wá Lọ́rùn

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Ẹ́kísódù 18:13-27, 1 Àwọn Ọba 19:1-18, Lúùkù 10:38-42, Gálátíà 6:1-5
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Gálátíà 6:2
Kókó Ẹ̀kọ́: Másùnmáwo ní ìdí. Ọlọ́run fẹ́ kí a wá ìdí náà rí, kí a mọ ẹrù tí ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a pín pẹ̀lú ará, àti èyí tí a ó fi oore-ọ̀fẹ́ Rẹ̀ gbé.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́
Ajé: Làálàá asán àti oorun, Orin Dáfídì 127:1-5
Ìṣẹ́gun: Àna Mósè gbà á ní ìmọ̀ràn, Ẹ́kísódù 18:13-27
Ọjọ́rú: Èlíjà nínú aginjù, 1 Àwọn Ọba 19:1-18
Ọjọ́bọ̀: Màtá àti Màríà, Lúùkù 10:38-42
Ẹtì: Jésù pe àwọn òṣìṣẹ́ Rẹ̀ sí ìsinmi, Máàkù 6:30-34
Àbámẹ́ta: Ẹ̀gún tí kò kúrò, 2 Kọ́ríńtì 12:7-10
Ìsinmi: Ẹrù tiwa àti ẹrù ará wa, Gálátíà 6:1-10

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ

Bí a bá kí ará kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, tí a sì béèrè bí ara ti rí, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni yóò fi dáhùn. Èsì rere ni, ó sì yẹ ọmọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kò fi ojú ba oorun ní òru àná. Owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, ọjà kò tà, ìyá ń ṣàìsàn ní abúlé, ọ̀gá ń halẹ̀ ní ibi iṣẹ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì ti gba agbára kí a tó dé ẹnu iṣẹ́ rárá. Àwọn àgbà mọ irú ìgbé-ayé báyìí, wọ́n pè é ní fífi ẹ̀jẹ̀ sínú, kí a máa tu itọ́ funfun síta.

Èdè wa ní orúkọ fún ìnira yìí. Másùnmáwo ni a ń pè é. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé oorun ni ó kọ́kọ́ ń gbé lọ.

Ohun kan wà tí ó ń mú kí másùnmáwo le sí i láàrin àwa onígbàgbọ́. Ẹ̀rù ń bà wá láti jẹ́wọ́ rẹ̀. A rò pé bí a bá sọ pé ó rẹ̀ wá, àwọn ará yóò ní ìgbàgbọ́ wa kò tó. Nítorí náà, ẹni tí ẹrù ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ a rẹ́rìn-ín músẹ́, a gbé iṣẹ́ mìíràn lé e. Ẹ̀kọ́ òní mú wa wá síwájú Mósè àti Èlíjà. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn méjèèjì kò ní ìgbàgbọ́, síbẹ̀ ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wo bí Ọlọ́run ti ṣe sí wọn.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa

Ọlọ́run dá ara ènìyàn lọ́nà ìyanu. Bí àgbẹ̀ bá ṣàdédé rí ejò lójú ọ̀nà oko, kí ó tó ronú rárá, ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkì, èémí rẹ̀ ti ń yára, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ara rẹ̀ sì ti múra láti sá tàbí láti jà. Ebi tí ń pa á tẹ́lẹ̀ yóò fò lọ. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni èyí, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Nígbà tí ejò bá kọjá, ara a rọ̀, a padà sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè kì í kọjá lọ bí ejò. Ìjà inú ilé, ìhalẹ̀ ọ̀gá, ọmọ tí ó ti jáde ilé-ìwé tí kò rí iṣẹ́: ìwọ̀nyí dà bí ejò tí ó ká jọ sí ojú ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́, tí a sì tún bá níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ara kò rí àyè rọ̀. Ní ọdún 1936, Hans Selye, onímọ̀ ìṣègùn kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára àwọn eku tí ó fi ṣe ìwádìí. Ìbáà ṣe òtútù, ìbáà ṣe ọgbẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ àṣejù, ọ̀nà kan náà ni ara wọn ń gbà dáhùn; bí ìnira náà kò bá sì dáwọ́ dúró, agbára ara a tán.

Lára ènìyàn, a máa ń rí orí fífọ́, inú rírun, ìgbàgbé, àìsùn, àti ìbínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Másùnmáwo a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà a sọ pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni kò mọ̀, nítorí kì í sábà dun ni. Nítorí náà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́ kí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ a máa yẹ epo àti omi rẹ̀ wò kí ó tó gbéra ìrìn-àjò.

2. Mósè: iṣẹ́ tí ó ju agbára ẹnìkan lọ (Ẹ́kísódù 18:13-27)

Láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ ni Mósè ń jókòó dá ẹjọ́ àwọn ènìyàn. Jẹ́tírò, àna rẹ̀, wá kí i. Ẹ kíyèsí bí àgbà yìí ti ṣe. Kò fi ìmọ̀ràn ṣáájú. Ó kọ́kọ́ wo ohun tí Mósè ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìdí tí ó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ èsì rẹ̀ tán kí ó tó sọ pé ọ̀nà náà kò dára.

Iṣẹ́ Ọlọ́run ni Mósè ń ṣe. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀ Jẹ́tírò sọ fún un pé yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rẹ àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ro ọ̀rọ̀ yìí dé. Nígbà tí ẹnìkan bá gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ra, òun nìkan kọ́ ni ń jìyà. Àwọn tí ó dúró dè é náà ń jìyà.

Ẹ wo inú ìjọ wa. Ẹnìkan náà ni akọ̀wé, òun ni olùkọ́ àwọn ọmọdé, òun ni ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun náà ni ó ń dáná ní ọjọ́ àsè. A ń yìn ín pé ó ní ìfọkànsìn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bí ilé rẹ̀ ti rí. Ẹ wo inú ilé pẹ̀lú. Ìyá jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó dáná, ó wẹ ọmọ, ó lọ sí ọjà, ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó tún wọ ilé ìdáná, nígbà tí ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà jókòó tí wọ́n ń retí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ Jẹ́tírò kan ilé bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ó mú wá rọrùn. Kí a yan àwọn ènìyàn tí ó tó, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó sì kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣe olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àádọ́tọ̀ọ̀ta àti mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹjọ́ tí ó le ni kí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ Mósè. Mósè kò bínú pé kí ni àlejò mọ̀ nípa iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán òun. Ó gba ọ̀rọ̀ àna rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

3. Èlíjà: ara tí ó rẹ̀ àti ọkàn tí ó dá wà (1 Àwọn Ọba 19:1-18)

Ní orí kejìdínlógún, iná bọ́ láti ọ̀run wá nígbà àdúrà Èlíjà. Ní orí kọkàndínlógún, ọkùnrin kan náà wà lábẹ́ igi nínú aginjù, ó ń tọrọ ikú. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin méjèèjì? Bí a bá ka ìtàn náà dáadáa, a ó rí ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó ti sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù dé Jésírẹ́ẹ̀lì. Jésébẹ́lì ti búra pé òun yóò pa á. Ó fi ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan ni ó sì rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù. Ẹ̀rù, àárẹ̀, ebi àti ìdáwà ti pé jọ sí ara ènìyàn kan ṣoṣo.

Báwo ni Ọlọ́run ti ṣe ìtọ́jú rẹ̀? Ó jẹ́ kí ó sùn. Ó rán ańgẹ́lì pẹ̀lú àkàrà gbígbóná àti omi. Èlíjà jẹun, ó tún sùn. Ańgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹun. Lẹ́yìn èyí ni ó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti bi í ní ìbéèrè, tí Ó jẹ́ kí ó tú ọkàn rẹ̀ jáde, tí Ó sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Èlíjà ka ara rẹ̀ sí ẹnìkan ṣoṣo; Ọlọ́run sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje ló kù. Ó tún fún un ní Èlíṣà, ẹni tí yóò bá a rìn.

Ẹ kíyèsí i pé oúnjẹ àti oorun ṣáájú ẹ̀kọ́. Ọlọ́run kò bá a wí nígbà tí ebi ń pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa nítorí àṣà kan tí ó wà láàrin wa. Bí ènìyàn kò bá rí oorun sùn, tí àyà rẹ̀ ń já, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀. A ó sáré láti ilé àdúrà kan dé òmíràn títí ẹnìkan yóò fi sọ pé ìyá àgbà ni, tàbí ìyàwó ni. Ilé a tú, ìyá a di ẹni ìtanù, ìnira náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí a kò fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. A gbàgbọ́ pé ọ̀tá ọkàn wà, a sì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ aláàárẹ̀ náà pé: Wákàtí mélòó ni o sùn? Nígbà wo ni o jẹun? Ta ni o ń bá sọ̀rọ̀? Èló ni gbèsè rẹ?

Bí ará kan bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ jọ ti ańgẹ́lì tí a rán sí Èlíjà.

4. Màtá: ẹrù tí a fi ọwọ́ ara wa dì (Lúùkù 10:38-42)

Ohun rere ni kí a ṣe àlejò, pàápàá nígbà tí Olúwa fúnra Rẹ̀ jẹ́ àlejò náà. Jésù kò bá Màtá wí nítorí pé ó dáná. Ó fi hàn án pé ọkàn rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà púpọ̀, ó sì ń dà á láàmú, nígbà tí ohun tí kò ṣeé máà ní kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù orí wa ni Ọlọ́run gbé lé wa. A yá owó nítorí ìnáwó òkú, kí ará àdúgbò má bà á sọ pé a kò sin bàbá wa dáadáa. A ra aṣọ ẹbí mẹ́rin láàrin oṣù kan, owó oúnjẹ ilé sì wà nínú rẹ̀. A gba èsúsú kó ṣáájú, a ná an, a wá ń sá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nígbà tí ó kan wa láti dá owó. Ọmọ ẹnìkejì lọ sí ilé-ìwé olówó gọbọi, tiwa náà gbọ́dọ̀ lọ. A kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé agbára wa kò ká a. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó gbé fóònù lé àyà títí di ọ̀gànjọ́, a ó máa wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń jayé. Oorun ìba wá, àyè kò sí fún un.

Ẹrù tí a fi ọwọ́ ara wa dì, ọwọ́ ara wa ni yóò tú u. Àdúrà yóò fún wa ní agbára láti tú u, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní bá wa dá aṣọ ẹbí padà.

5. Pọ́ọ̀lù: oríṣi ẹrù tí ó wà (Gálátíà 6:2, 5, 2 Kọ́ríńtì 12:7-10)

Ní ẹsẹ kejì, Pọ́ọ̀lù ní kí a máa bá ara wa gbé ẹrù. Ní ẹsẹ karùn-ún, ó ní olúkúlùkù ni yóò ru tirẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Ṣùgbọ́n ní èdè Gíríìkì tí ó fi kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lò. Ti ẹsẹ kejì ni ẹrù wúwo tí ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ti ẹsẹ karùn-ún ni ẹrù tí ó jẹ́ ti olúwarẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó gbé fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú ohun tí a ti kọ́ lọ́dọ̀ Màtá, a lè ya ẹrù wa sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ẹrù tí ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀: ìdíje, àṣehàn, iṣẹ́ tí a gbà nítorí pé a kò lè sọ pé rárá.

Èkejì ni ẹrù tí ó yẹ kí a pín: àìsàn, ọ̀fọ̀, àìríṣẹ́ṣe, ìtọ́jú òbí arúgbó. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà, lo òtítọ́ yìí ní Àrò ní ọdún 1954. Àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ni ó ń tọ́jú. Dípò kí ó há gbogbo wọn mọ́ inú ilé-ìwòsàn, ó fi wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká. Ìbátan aláìsàn a máa bá a wá láti tọ́jú rẹ̀. Aláìsàn a gba ìtọ́jú dókítà ní ọ̀sán, a sì padà sí àárín àwọn ènìyàn ní alẹ́. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí èyí bá ran ẹni tí àìsàn rẹ̀ le bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, mélòómélòó ni yóò ran ẹni tí àníyàn ojoojúmọ́ kò jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù tí kò ṣeé sọ̀, tí a kò sì lè pín tán. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa ní ìgbà mẹ́ta kí ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, kò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fún un. Gbogbo wa mọ òṣùká. Òṣùká kì í dín ìwúwo ẹrù kù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹrù pa orí lára, ẹni tí ó sì rù ú lè rìn dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run rí fún opó tí ń tọ́ ọmọ, àti fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀.

ÌFISÍLÒ

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù mú bébà kan, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ń gba oorun lójú rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó kọ wọ́n sí abẹ́ àkọlé mẹ́ta: Èyí tí n ó sọ̀, Èyí tí n ó pín, Èyí tí n ó fi oore-ọ̀fẹ́ gbé. Kí ó gbé bébà náà síwájú Olúwa nínú àdúrà.

Lẹ́yìn èyí, kí ó mú ohun kan láti abẹ́ àkọlé àkọ́kọ́, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí ó mú ohun kan láti abẹ́ èkejì, kí ó sọ ọ́ fún ẹnìkan tí ó lè pa àṣírí mọ́. Kí ẹni tí a bá sọ ọ́ fún ṣe bí Jẹ́tírò: kí ó wò, kí ó béèrè, kí ó gbọ́, kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá sọ nínú kíláàsì kò gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé.

Kí kíláàsì yìí pẹ̀lú wo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìjọ, kí a sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Máàkù 6:31, Olúwa fúnra Rẹ̀ rí i pé àwọn àpọ́sítélì kò ráyè jẹun, Ó sì pè wọ́n sí ibi ìsinmi. Bí a bá rí aláàárẹ̀ láàrin wa tí a kò ṣe nǹkan kan, a kò tíì máa tẹ̀lé ìṣe Rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ó fi ṣòro fún onígbàgbọ́ láti jẹ́wọ́ fún àwọn ará pé ó rẹ òun?
2. Ka ohun mẹ́rin tí ó pé jọ tí ó fi rẹ Èlíjà. Èwo nínú wọn ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin wa?
3. Ǹjẹ́ a lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ìfọkànsìn àti iṣẹ́ àṣejù? Fi Ẹ́kísódù 18 ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
4. Àwọn ìnáwó wo ni ó yẹ kí ìjọ wa pinnu láti dín kù, kí ó má bà á di ẹrù fún àwọn tí kò ní?
5. Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ilé rẹ? Èwo ni ìwọ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ mọ ohun tí ń gba oorun lójú wa. Fún wa ní ìgboyà láti sọ èyí tí kì í ṣe tiwa kalẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ láti gba ìrànlọ́wọ́ ará, àti oore-ọ̀fẹ́ tí ó tó fún èyí tí ó kù. La ojú wa kí a rí ẹni tí ẹrù ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí ìjókòó yìí. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.